Èékánná Irin

Ní Kuhmo, nínú oṣù kọkànlá, oòrùn kì í jókòó pẹ́.
Aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú.
Bàbá mi ti inú igbó bọ̀, òtútù ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di igi.
A ò rí àgbọ̀nrín kankan pa lọ́jọ́ náà,
ipasẹ̀ lásán la rí, nínú yìnyín, ó lọ tààrà sí ẹnubodè.

Ó dúró níwájú àtẹ̀gùn. Ó fẹ́ yọ ọta kúrò kó tó wọlé,
bí bàbá tirẹ̀ ti kọ́ ọ.
Ìbọn àtijọ́ ni. Kì í ṣí tí ìdènà bá wà lórí rẹ̀;
ẹni tó bá fẹ́ tú u sílẹ̀ ní àlàáfíà
gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú ìdè rẹ̀.
Ó dojú ẹnu ìbọn kọ ilẹ̀.
Ó fi àtàǹpàkò ti ìdènà síwájú.
Kò sí ìka kankan lórí ìfà. Mo rí ọwọ́ rẹ̀,
èmi ni mo gbé àtùpà.

Ìbọn dún.

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.
Ìbọn ní tirẹ̀ kì í fọ́.
Nǹkan mìíràn ló ń fọ́.
Ilẹ̀ ni bàbá mi dojú rẹ̀ kọ,
ilẹ̀ náà sì ni Vilja, ajá wa, wà.

Lọ́jọ́ kẹjọ mo gbé ìbọn náà lọ bá Irja Heikura,
obìnrin tó ń tún ìbọn ṣe lẹ́yìn ilé epo.
Kò béèrè ẹni tó jẹ̀bi.
Ó tú u palẹ̀ sórí aṣọ funfun, wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́,
bí ẹni ń ṣa egungun ẹja fún ọmọdé.

"Abẹ́rẹ́ rèé. Wáyà tó ká sẹ́yìn rẹ̀ ń tì í, ń tì í, kò mọ oorun.
Èékánná irin yìí ló dá a dúró. Wò ó, kò tó ẹyọ ìrẹsì kan.
Ìfà ló gbé èékánná ró.
Ìdènà wá ńkọ́? Bí ẹ bá tì í, òun náà á gba èékánná gbé,
ìfà á wá di aláìníṣẹ́: ó lè lọ, ó lè bọ̀.
Tó bá lọ tí kò bọ̀ ńkọ́?"

Ó fi ìka nu inú rẹ̀. Òróró dúdú, ó fà bí oyin ìsàlẹ̀ ìgò.
"Ọdún mélòó lèyí ti wà níbí?
Ẹ̀ka igi kan ti fa ìfà nínú igbó, tàbí ìbọ̀wọ́ bàbá rẹ.
Òtútù ò jẹ́ kó padà.
Gbogbo ọ̀nà tí ẹ rìn wálé, ìdènà nìkan ló ru ẹrù náà.
Nígbà tó sọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó nawọ́ gbà á."

Mo béèrè bóyá irú mìíràn wà.
Ó na ọwọ́ sí ọ̀kan lára ògiri, tí ìdènà rẹ̀ rí bí apá ẹyẹ.
"Ìyẹn di abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ mú lọ́rùn. Ó sàn jù.
Ṣùgbọ́n mo ti rí irú rẹ̀ tó jẹ, tó sì yọ̀.
Irin kì í búra fún ẹnikẹ́ni."

Ó fọ̀ ọ́, ó pààrọ̀ ohun tó yẹ ní pípààrọ̀, ó gba ogójì owó Yúróò.
Ìbọn wà nínú àpótí báyìí, ọta wà ní yàrá kejì.
Bàbá mi kò ṣí i.
Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń wo iná, mo máa ń rí àtàǹpàkò rẹ̀
tó ń ti nǹkan síwájú lórí orúnkún rẹ̀,
díẹ̀díẹ̀, níbi tí kò sí nǹkan kan.

Vilja wà lẹ́yìn ahéré igi tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ jìnnà.
Èmi ni mo súfèé pè é.
Mi ò tíì sọ fún un.